Alága Tó Yọ̀ Nínú Omi Tí Kò Sí

Kò jẹ alága rí láyé rẹ̀, ì báà ṣe ti ìpàdé àdúgbò. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ lójú títì báyìí, tọmọdé tàgbà á máa pariwo, "Alága! Omi dà?" Òun náà á ti ikùn síwájú, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ tó fẹ́ rà wò, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣubú jẹun. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ ni. Ẹlòmíràn ń kan ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ń rán aṣọ, tirẹ̀, ṣíṣubú ni.

Eré tó sọ ọ́ di Alága kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Alága kan wá ṣí ẹ̀rọ omi fún àwọn ará ìlú. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó tún pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Obìnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú garawa, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo Alága láti òkè délẹ̀. Nígbà tí Alága wá yí ẹnu ẹ̀rọ, omi ò kán. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fẹnu fà á, pàbó. Ojú ò tì í. Ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń ya bí odò!" Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí omi má baà ta sí bàtà òun, ó sì yọ̀ nínú omi tí kò sí, gbìì! Ìgbà yẹn ni obìnrin náà á tó la ẹnu, "Ẹ gbé Alága o, kí omi má baà gbé wọn lọ!" Gbọ̀ngàn á dàrú. Àwọn alága tòótọ́ tó wà níwájú á máa rẹ́rìn-ín tipátipá, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe ń bínú sí ẹni tó ti dùbúlẹ̀.

Obìnrin tó ń gbé garawa yẹn, ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyá Onígarawa ni gbogbo ayé ń pè é. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ tó dúró, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ ọmọ àbúrò ìyàwó láti ọmọ ọdún méje, títí tó fi di òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ayé inú awò. Ẹ óò gbọ́ nípa ayé yẹn láìpẹ́.

Ṣíṣubú ní òfin. Ọ̀gá tó kọ́ Alága níṣẹ́ fi méjì lé e lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó máa ṣubú sí, kí àtẹ́lẹwọ́ òsì kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, pà! Ariwo ọwọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń rò pé egungun ló kán, egungun ò sì mọ nǹkan kan sí i. Èkejì, ọ̀gá ní, "Má dìde kí ẹ̀rín tó gbé ọ dìde. Ẹni tó ṣubú tó sì dìde láìsí ẹ̀rín, ó kàn ṣubú lásán ni." Alága kò rú òfin kejì yìí rí. Ó ti dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko rí níwájú àwọn adájọ́, títí tí àgbà kan nínú wọn fi fi imú rẹ́rìn-ín.

Wàhálà wá dé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, Ìyá Onígarawa gbé garawa aṣọ tó fẹ́ sá lọ sẹ́yìnkùlé. Alága jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ eyín. Ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ yí bírí, tí garawa fò lọ, tó sì lulẹ̀ gbìì. Háà! Kí lẹ rò pé ọkùnrin yìí ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "O ti ń jí iṣẹ́ mi kọ́ báyìí! Ó dáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ ò gbá ilẹ̀!" Ó pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó ń retí kó dìde. Ó tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì kó tó rí i pé ẹnu obìnrin náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, àti pé òun gan-an ló ń wò.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú rẹ̀ jìnnà tó ìrìn wákàtí mẹ́fà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde. Bí Alága bá sì dé ibẹ̀, bó bá ti gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ògiri. Àwọn ẹbí ní àìsàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Alága mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rín méjì yẹn ni. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ojú ń tì í, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, ní ọjọ́ Ajé kan, dókítà pè é lórí fóònù. "Bàbá, ahọ́n wọn ò kú. Ọ̀fun wọn ò dí. Wọ́n kàn kọ̀ ni. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ń kọ oúnjẹ báyìí. Tó bá di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan ò yí padà, a ó gba imú ki rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nínú, a ó sì gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú kejì."

Alága mọ ilé ìtọ́jú kejì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti sú dókítà ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ó bèèrè pé àwọn mélòó ló ti padà wálé láti ibẹ̀. Dókítà wúkọ́, ó ní ẹnì kan ń dúró de òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ìyàwó kọjú sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Alága ò bẹ̀ ẹ́, kò pè é. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti ikùn síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré láàárín wọ́ọ̀dù. Ó ṣubú sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, pà! Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fa okùn omi jáde lápá. Ògiri nìkan ni Ìyá Onígarawa ń wò. Àgbà nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀dì tá a ní ò tó àwọn tó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiyín kún un!" Wọ́n sìn ín dé géètì.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ ti lé e bá. Ó ní àwọn ní àwọn awò dúdú ńlá kan tí àwọn aláìsàn máa ń wọ̀ láti fi kọ́ ìrìn. Tí èèyàn bá ti wọ̀ ọ́, á bá ara rẹ̀ nínú ayé mìíràn, pápá, gbọ̀ngàn, ibi yòówù tí wọ́n bá ṣe síbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nínú awò yẹn, kò sí ògiri tí èèyàn lè kọjú sí. Ibi yòówù kí Ìyá yíjú sí, ẹ lè wà níbẹ̀." Ó dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ayé inú awò náà. Alága dúró lójú títì bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ilé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú ló dé ibẹ̀. Yàrá kan ni, aṣọ dúdú bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kámẹ́rà wà ní igun kọ̀ọ̀kan, fóòmù tínrín wà nílẹ̀, kẹ́tùlù tíì sì wà lórí tábìlì láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ti ń hu ewú kan tàbí méjì, gbé ẹ̀wù fífún kan fún un tí wọ́n lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké dídán mọ́, èyí tí kámẹ́rà fi ń mọ ibi tí ara ń yí sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fa ikùn yín wọlé." Alága ní, "Ikùn tó ti bọ́ ọ láti ọmọ ọdún méje, òun lo ní kí n fà wọlé." Wọ́n gbé awò sí i lójú. Ó rí Alága kan níwájú, ó wọ kóòtù, ikùn rẹ̀ pé. Ó gbé ọwọ́, tọ̀hún gbé ọwọ́. Ara rẹ̀ wú. Ó sọ̀rọ̀ Alága, ó yí ẹ̀rọ, ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣubú. Ó gbójú sókè láti wo ara rẹ̀. Alága inú awò dúró ṣánṣán!

Ó tún ṣubú. Tọ̀hún tún dúró. Ọmọ náà wá rántí pé àwọn tó ń kọ́ ìrìn ni wọ́n ṣe ayé yẹn fún, wọ́n sì ti kọ ọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣubú, kí ó gbá a mú. Alága bọ́ awò kúrò lójú. "Ṣé èmi lo wá gbé wá sílùú tí wọn kì í ti í ṣubú? Kí ni mo fẹ́ máa jẹ níbẹ̀?" Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà fi ń tú ohun tí wọ́n kọ, tó fi di ìrọ̀lẹ́ kí Alága tó ṣubú nínú awò.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọlé bá ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, mo ti bá yín tún un ṣe." Alága wọ awò, ó yí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ gbà mí! Omi ya jáde, omi tó mọ́ gaara, ó ń dán, ó ń ṣàn lọ sẹ́sẹ̀ àwọn èrò.

"Kí lèyí?"

"Omi ni. Mo rò pé ẹ kì í lò ó nítorí pé omi ò ṣeé gbé sórí ìtàgé ni. Níbí, kò sí wàhálà."

Ọmọ tó dàgbà nínú ilé wọn o! Tó ti wo eré yẹn bí igba ìgbà! Ẹni tí a ní kó féni lójú, ó fata sẹ́nu. Alága fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sórí fóòmù, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan rí fún ọmọ náà: garawa tó fò, búrọ́ọ̀ṣì, àtẹ́wọ́, ẹ̀rín àkọ́kọ́, ẹ̀rín kejì. Ọmọ náà gbé kọ́ọ̀pù tíì dání títí tí tíì fi tutù. Nígbà tó yá, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì pa gbogbo omi náà rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti gbé awò sójú Ìyá Onígarawa, aláìsàn mọ́kànlá mìíràn sì ti wọ tiwọn, torí pé òṣèré ò lè ṣeré fún ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gbogbo wọn wá sétí Alága kí ariwo má baà pọ̀. Alága ní kí wọ́n ṣí ti ìyàwó òun sílẹ̀.

"Bàbá, wọn ò kúkú sọ̀rọ̀."

"Ṣí i."

Ọmọ náà ṣí i. Mímí ló gbọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n jọ ń sùn nílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní òun lè ṣe obìnrin onígarawa, òun mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Alága kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé garawa lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹnì kankan má dúró tì í. Ó sì fi ẹsẹ̀ ta fóòmù dànù, torí fóòmù ń gbé ariwo ọwọ́ mì.

Ó ṣubú ẹ̀ẹ̀kan. Pà! Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí. Mímí náà ò yí padà. Ó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, ó tún un kà. Ọmọ náà sọ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ dìde, wọ́n ti rí i." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó dìde níwájú èrò láìgbọ́ ẹ̀rín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe dùn ún tó. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin. Aago méjì kọjá. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni o, kì í ṣe ọmọdé. Orúnkún ń ké, òógùn ń ya lára rẹ̀ débi pé ilẹ̀ yàrá náà ń dán. Aago mẹ́ta lù. Mímí ṣì ń lọ, ó ń bọ̀.

Ìgbà keje, ó dé ibi tí Alága ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yí lẹ́nu rẹ̀. Ohùn Alága náà ló fi sọ ọ́, kò ní ohùn mìíràn tó lè fi sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ará ìlú, alága kì í tọrọ àforíjì, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Tèmi dé lónìí. Obìnrin onígarawa kan ṣubú lójú mi. Èmi tí mo ní mo mọ ṣíṣubú ju gbogbo ayé lọ, mi ò mọ tòótọ́ yàtọ̀ sí eré. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un rẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ sí i. Tí mo bá lè kó ẹ̀rín yẹn padà sẹ́nu, màá kó o, kódà kó fún mi pa."

Mímí náà dúró. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ó dúró, lẹ́yìn náà ó tún ń lọ. Alága gbọ́ ọ. Ó sáré yí ẹnu ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, sósì. "Ẹ wò ó bó ṣe ń ya bí odò!" Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì tẹ òógùn tirẹ̀ tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó yọ̀ nínú omi tó wà lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló lọ, apá há sábẹ́ rẹ̀, ìbàdí sì ró gbò bí igi gbígbẹ.

Ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Ṣé kó má pàtẹ́wọ́ ni? Kò tíì rí i kí Alága ṣubú dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí nọ́ọ̀sì ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn mọ́kànlá yẹn ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá kan tí ò léyín rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Alága fẹ́ pariwo, èémí ò gòkè. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn ló mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí igi yìí wó sí. Alága gbọ́ tí mímí náà dúró. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn kan, ó ha, ó wúwo, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wọ́ àpótí.

"Ẹ... gbé wọn."

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá. Ó tún un wí, ó le sí i. "Ẹ gbé wọn! Ọwọ́ wọn ò gbá ilẹ̀! Ẹ gbé wọn!"

"Màámi sọ̀rọ̀!" Ọmọ náà fò sókè, ó ti àga ṣubú. "Màámi sọ̀rọ̀ o!" Ó sáré jáde lọ sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n rọ́ wọlé, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, ẹnì kan ń ya fọ́tò. Lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì ń sunkún ayọ̀, dókítà ń sáré bọ̀. Alága wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ohùn yẹn ò sì dákẹ́. "Ṣé orí yín dàrú ni? Mo ní ẹ gbé wọn!" Ìgbà tí ọmọ náà yíjú padà láti sọ pé kí Bàbá wá gbọ́, ìgbà yẹn ló tó rí bí ẹsẹ̀ Bàbá ṣe yí.

Wọn ò ki rọ́bà kankan bọ ẹnikẹ́ni nímú lọ́jọ́ yẹn. Kó tó di aago mẹ́fà, Ìyá Onígarawa ti jẹ oúnjẹ tán, ó ń bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọkọ òun lọ, ó sì ń bá gbogbo ẹni tí kò mọ ibẹ̀ jà. Ilé ìwòsàn tirẹ̀ náà ni wọ́n padà gbé Alága wá. Wọ́n fi irin sí ìbàdí rẹ̀. Dókítà eegun jókòó tì í, ó ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ò ní gbé e mọ́, kẹ̀kẹ́ ni yóò máa jókòó sí, ọ̀rọ̀ ìtàgé sì ti parí. Alága ní òun ti gbọ́.

Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà kí nọ́ọ̀sì fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alága. Ògiri wà lápá òsì obìnrin náà, funfun báláú. Kò wò ó. Alága ló ń wò, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

Ó ní, "Èmi ò rẹ́rìn-ín."

Alága mọ ohun tó ń sọ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ."

"Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín."

"O ṣeun. O ṣeun, ìyàwó mi."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Alága rí i pé ẹnu obìnrin náà ṣì wọ́ díẹ̀, pé ó ti rù, pé ọwọ́ rẹ̀ kan ń wá nǹkan lórí itan bí ẹni tó fẹ́ gbá garawa mú. Alága fa ọwọ́ òsì tirẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irin bẹ́ẹ̀dì. Pà!

Ìyá Onígarawa rẹ́rìn-ín. Ìlàjì ẹnu ló fi rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó dún dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ó rẹ́ ẹ débi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Alága mọ òfin kejì tí ọ̀gá fi lé e lọ́wọ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì láti dìde. Ó tún gbìyànjú. Ẹ̀rín dé, ṣùgbọ́n kò lè dìde mọ́.